Ẹ má fo àwọn ilé ijó Àjàṣẹ́ dá

Sí Olóòtú,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì dúpẹ́ fún àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí ẹgbẹ́ olórin Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé òǹkọ̀wé yín fò láti ọdún 1968, tí Mélomé Clément dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, bọ́ sí ọdún 2009, tí wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣeré ní Yúróòpù, àfi bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jó sí orin wọn kí àwọn òyìnbó tó gbọ́ ọ.

Ẹgbẹ́ náà ṣì tuntun nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá sí ilé ijó àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni wọ́n ti ń yá àga, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la sì máa ń rù ú lọ, nítorí náà wọ́n jẹ́ kí a jókòó ti ògiri láìsanwó. Rọ́ḿbà ti Kóńgò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ti Kúbà tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn sì ń fi sùúrù jó o ní méjì-méjì. Ìgbà tí onílù wọn yí ọwọ́ padà sí sato, tí gìtá gbè é, ni agbo dàrú: àwọn ìyá tó wá mú ọmọbìnrin wọn lọ sílé gan-an so ìró le, wọ́n bọ́ sójú ijó. Bàbá àgbàlagbà kan bínú jáde, torí pé ìlù ìrántí àwọn òkú ni sato, kì í ṣe ìlù ìdí ọtí. N kò lè dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, ohun tó lé e jáde yẹn gan-an ló sọ ẹgbẹ́ náà dolókìkí: wọ́n mú ìlù sato àti ti Sakpata, ìyẹn Ṣànpọ̀nná tiwa, wọ́n lù ú pọ̀ mọ́ irú orin tí James Brown ń kọ. Ká ní àwọn oníjó kọ̀ ọ́ lójú agbo ni, ta ni ìbá gbé e sínú àwo?

Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní 1972, òfin kónílé-ó-gbélé ba òwò ilé ijó jẹ́. Àwo orin wà síbẹ̀, pàápàá èyí tí Seidou Adissa ṣe ní Albarika Store, ilé-iṣẹ́ àwo orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo kì í sọ ẹni tó jó àti ẹni tó bínú jáde. Mélomé Clément fúnra rẹ̀ ti kú láti 2012.

Mo bẹ̀ yín, ẹ rán akọ̀ròyìn sí àwọn àgbà Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ̀rọ̀. Fọ́tò kan wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi tí mo lè bá yín gbà, bí ẹ bá ṣèlérí pé ẹ óò dá a padà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé kan ní Àjàṣẹ́