Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí wẹ́bsáìtì fi wà ní títì

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru Abuja yìí. Ẹ ti ń pè pé kí ló dé tí sáìtì tí ẹ ti ń ra ẹlùbọ́ àti ìrù lọ́wọ́ wa ò ṣí. Àwa la tì í fúnra wa.

Theme tí a rà, ìyẹn ohun tó ń ṣètò bí sáìtì wa tí a fi WordPress (ètò ìkọ́ wẹ́bsáìtì) kọ́ ṣe rí lójú yín, ló ní ihò tí olè lè gbà wọlé. Tí ẹ bá tẹ ojú ewé ẹlùbọ́, orúkọ fáìlì tó máa gbé jáde wà nínú àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lókè yẹn, PHP, èdè kọ̀ǹpútà tó ń gbé sáìtì náà ṣiṣẹ́, á wá lọ gbé e, àmọ́ theme yìí kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáìlì tó yẹ kí ará ìta rí ni. Àfi bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ní kó máa gbé ohun tí oníbàárà bá dárúkọ wá, ẹnì kan wá ní kó lọ mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ọ̀gá ẹ̀ wá, ó sì mú un wá lóòótọ́! Ẹni tó bá to ../ (àmì tó ń sọ pé kó padà sí fódà tó wà lókè) lélẹ̀ lera-lera níwájú orúkọ fáìlì, á jáde kúrò nínú fódà theme, á dé ibi tí wp-config.php, fáìlì ètò WordPress, wà, inú ẹ̀ sì ni páswọ́ọ̀dù database wa, ibi tí a tọ́jú àkọsílẹ̀ yín sí, wà. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí o: ní 2014, irú ihò tó jọ ọ́ wà nínú Slider Revolution, plugin (àfikún fún WordPress) tí wọ́n dì mọ́ ọ̀pọ̀ theme, àwọn tó ra theme ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

A rí i nínú log, àkọsílẹ̀ àwọn tó wá sí sáìtì, pé ẹnì kan ti dán an wò lórí tiwa. A ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò rí nǹkan kó, torí náà à ń ṣe é bíi pé ó rí i kó: orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́ẹ̀sì ilé àti ohun tí ẹ rà. Nọ́ńbà káàdì yín ò sí lọ́dọ̀ wa rárá, ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ń gba owó lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Páswọ́ọ̀dù yín, WordPress kì í tọ́jú ẹ̀ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ òun náà lẹ ń lò fún email.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìpè. Ẹni tó bá mọ̀ pé Kubwa lẹ ń gbé, tó mọ̀ pé ẹ máa ń ra ìrù àti ẹlùbọ́ tí oṣù bá parí, ó lè pè yín, á dárúkọ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, á ní àkáǹtì wa ti yí padà, tàbí kí ẹ ka OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, fóun kóun fi dá owó padà. Irọ́ ni o! Àkáǹtì wa ò yí, a kì í sì í bèèrè OTP lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kódà kó gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ.

A ti yọ theme yẹn, a ti pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù database àti àwọn kọ́kọ́rọ́ inú wp-config tó ń jẹ́ kí sáìtì mọ ẹni tó ti login, ìyẹn lá jẹ́ kí gbogbo yín tún login tí a bá ṣí i padà. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 fúnni ní wákàtí 72 láti fi irú nǹkan báyìí tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, létí, a ti kọ̀wé sí wọn.

Ní báyìí ná, ẹ máa fi order ránṣẹ́ sí WhatsApp tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Nyanya àti Mararaba tó ti sanwó, ọjà yín wà nílẹ̀, dispatch ń bọ̀.