Kí wọ́n tó yin tajútajú, kí wọ́n wo ọ̀nà àbájáde

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Tí ọlọ́pàá bá fẹ́ tú àwọn tó ń wọ́de ká, tajútajú ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, wọ́n ní kì í pààyàn. Irọ́ ni. Tí èrò ò bá rí ọ̀nà sá lọ, ó ń pa wọ́n.

Ní ọjọ́ 9, oṣù karùn-ún, ọdún 2001, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Hearts of Oak àti Asante Kotoko wàákò ní pápá ìṣeré Accra, ní Gánà, inú bí àwọn òǹwòran kan, wọ́n ń fa àga yọ, wọ́n ń jù ú. Ọlọ́pàá yin tajútajú. Èrò ya lọ sẹ́nu géètì, àwọn géètì kan sì wà ní títì. Èèyàn 127 ló kú. Kì í ṣe èéfín ló pa ọ̀pọ̀ wọn. Ara wọn ló fún pọ̀ títí àyà wọn ò fi ráyè gbé èémí. Bákan náà ló rí ní pápá ìṣeré Kanjuruhan, Indonéṣíà, lọ́dún 2022: èèyàn 135 ló kú. Bẹ́ẹ̀, òfin ààbò FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ti ní kí wọ́n má gbé tajútajú wọ pápá.

Lẹ́búlẹ́bú kíkúnná ni tajútajú, èéfín ló ń gbé e. Níta gbangba, atẹ́gùn á tètè gbá a lọ. Láàárín ògiri méjì, lórí afárá, lójú pópó ọjà, ńṣe ló máa dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá kó sí ò ní lè lajú, kò sì ní mọ ibi tó ń forí lé.

Nítorí náà, kí ọ̀gá ọlọ́pàá kọ́kọ́ wo ibi tí èrò máa gbà jáde, kó sì wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kó má baà gbé èéfín dí ọ̀nà yẹn. Kó fi gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́, kó dárúkọ ọ̀nà náà, kó tún un sọ, torí ẹni tó wà lẹ́yìn kì í gbọ́ ti iwájú. Kó fún wọn láyè láti rìn. Tó bá yin ọ̀kan, kó dúró wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má ṣe dojú ìbọn rẹ̀ kọ èèyàn: agolo tajútajú tó ń ti ẹnu ìbọn jáde tó agbárí í fọ́. Àwọn tó ń wọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ ò sì tiẹ̀ yẹ fún un rárá. Òfin ọlọ́pàá Nàìjíríà ti 2020, ní abala 83, ní kí ọlọ́pàá dáàbò bo ẹni tó bá fi tó wọn létí pé òun fẹ́ wọ́de.

Kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀: agolo mélòó, aago mélòó, ta ló pàṣẹ, ọ̀nà wo ló ṣí sílẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá kú, ìwé yẹn ni ká kọ́kọ́ béèrè.

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn