Ẹ́ńjìnnì yín ló ń se bátìrì, ẹ yé é bú ọlọ́jà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àìsinmi. Lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ nípa bátìrì ọkọ̀ ojú omi ló mú mi gbé báírò. Ó ní bátìrì ayé ìsinsìnyí kì í pẹ́ mọ́, pé ayédèrú ni gbogbo rẹ̀, kí ìjọba kó àwọn tó ń tà á. Mi ò sọ pé ayédèrú ò sí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ọdún kẹrìnlélógún rèé tí mo ti ń ṣe rewáyà létí omi Ẹ̀pẹ́ níbí, ọ̀pọ̀ bátìrì tí wọ́n sì ń gbé wá bá mi pé ọlọ́jà ló rẹ́ àwọn jẹ, ẹ́ńjìnnì tiwọn gan-an ló sè é pa.

Bàbá kan tó ń pẹja láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀jìnrìn wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Bátìrì kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́jọ. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Rewáyà, bá mi wo nǹkan yìí kí n tó lọ dà á sórí ẹni tó tà á fún mi." Bátìrì gbígbẹ ni, irú èyí tí wọ́n ti lẹ orí rẹ̀ pa tí kò ṣeé bu omi sí. Ìhà rẹ̀ méjèèjì ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Mo gbé imú sún mọ́ ọn, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Bátìrì tí kò bá rí iná mu kì í wú, kì í sì í rùn báyẹn. Èyí tó mu àmujù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi ọkọ̀." Mo mú mítà tí mo fi ń wọn fóòtì, ìyẹn agbára iná, mo mú bátìrì kan tó dáa, a so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Two-stroke, irú èyí tó ń jó ọ́ìlì mọ́ epo, tó lágbára ogójì họ́ọ̀sì ni, ó ti lé lógún ọdún. Kí a tó ṣáná sí i, mítà ka fóòtì 12.6, ìyẹn ni pé bátìrì yó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní sìlóò, ó ka 13.2. Kò burú. Ọmọ Bàbá wa ọkọ̀ bọ́ sáàárín ọ̀sà, mo ní kó rọ́ ọwọ́ ẹ́ńjìnnì dópin. Mítà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: 14.5, 15.4, 16.3. Orí 17.1 ló dúró sí. Mo gbé e síwájú Bàbá kó fi ojú ara rẹ̀ rí i, mo ní 14.4 ni kò yẹ kó kọjá. Bàbá dákẹ́ títí a fi yí ọkọ̀ padà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Áà, mo ti bú ọmọ ọlọ́mọ lásán."

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà wíwé tó ń pèsè iná, wà lábẹ́ fuláwíìlì, ìyẹn àgbá irin tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì, òòfà tó wà lára fuláwíìlì sì ń yí i ká. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i ni iná tó ń ti ara kọ́ìlì jáde ń le sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, rẹ́kítífáyà nìkan ló wà láàárín kọ́ìlì àti bátìrì. Rẹ́kítífáyà ń sọ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ di iná tó ń gba ojú kan, kí bátìrì lè rí i mu. Kò mọ ìgbà tí bátìrì yó. Rẹ́gúlétọ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí iná pọ̀ jù, ló ń mọ ìyẹn, kò sì sí níbẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn fọkàn sí bátìrì olómi tí à ń ṣí lórí. Tí ó bá yó, omi inú rẹ̀ a máa hó, ẹni tó ni ín a sì bu omi bátìrì sí i. Ó lè fara da ìyà yẹn fún ọdún mélòó kan. Bátìrì gbígbẹ ò ní ojú tí ẹ ó ti bu omi sí i. Èyí tó bá ti hó jáde ti lọ nìyẹn.

Ẹ bá mi ṣírò ó. Kọ́ìlì ń mú áńpìà 6 wá, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn wọ bátìrì; sítátà, tó ń jẹ iná bátìrì láti ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, kò lò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ohun tí sítátà jẹ, ìṣẹ́jú márùn-ún lórí omi ti san án padà. Gbogbo wákàtí yòókù tí ọkọ̀ fi ń sáré, tí ẹ ò tan iná kankan, bátìrì ló ń hó.

Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì tó ń hó sì máa ń gbaná. Mo wà ní èbúté lọ́jọ́ tí ọ̀kan bẹ́ lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, nígbà tí ọmọ kan ṣáná sí sìgá. Ásíìdì ta sí i lójú. Odindi àpò píọ̀ wọ́tà kan la fi eyín ya tá a tú sí i lójú kí a tó gbé e dé ọsibítù. Ojú náà ò fọ́, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé igbe rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ọkọ̀, ẹ fetí sí mi dáadáa níbí. Ẹ ń fi bátìrì kan ṣáná sí ọkọ̀ mẹ́ta: bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, ẹ ó yọ orí bátìrì, ẹ ó gbé e lọ sí ọkọ̀ kejì, tí ti àkọ́kọ́ ṣì ń sáré. Bátìrì yẹn nìkan ló ń di iná náà mú. Bí ẹ bá yọ ọ́, iná á fò sókè lójijì, rẹ́kítífáyà á jó, fóònù tó wà lórí ṣájà á bá a lọ. Orí bátìrì tó dẹ̀ tàbí tó dípẹtà ń ṣe iṣẹ́ burúkú kan náà, ẹ fún un kó le. Bó bá di dandan kí ọkọ̀ rìn láìsí bátìrì, ẹ yọ wáyà méjèèjì tó ti kọ́ìlì wá kúrò lára rẹ́kítífáyà, kí ẹ fi tépù wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Fún Bàbá, mo wá rẹ́gúlétọ̀ tó ní rẹ́kítífáyà nínú, tí agbára rẹ̀ sì ju ti kọ́ìlì lọ. Mo dè é mọ́ álúmíníọ́mù níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, torí ó máa ń gbóná lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan ń lo ti ọ̀kadà. Òmíràn nínú rẹ̀ ṣe é lò, òmíràn sì wà tó jẹ́ ìdajì iná nìkan ló ń fún bátìrì, ìdajì yòókù iná iwájú ọ̀kadà ni. Bí ẹ ò bá dá a mọ̀, ti ẹ́ńjìnnì ojú omi ni kí ẹ rà. Ẹni tí owó ò tíì tó lọ́wọ́ rẹ̀, kó ra bátìrì olómi tó tóbi, kó máa ṣí i wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó sì tan iná ọkọ̀ sílẹ̀ bó bá ń sáré, kí iná náà lè bá bátìrì jẹ nínú rẹ̀.

Mo bẹ ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì, kí èbúté kọ̀ọ̀kan ní mítà kan tí ẹnikẹ́ni lè yá. Pọ́ǹpù tó ń fa omi inú ọkọ̀ ń lo bátìrì yìí. Bó bá kú lóru láàárín ọ̀sà, igbá la ó fi máa gbọ́n omi.

Nígbà tí a padà jáde pẹ̀lú rẹ́gúlétọ̀, mítà ò kọjá 14.3 bí ó ti wù kí ọmọ náà rọ́ ọwọ́ ẹ́ńjìnnì tó. Oṣù kẹrìnlá rèé, bátìrì kẹrin ṣì wà nínú ọkọ̀ yẹn. Bàbá sì ti gbé ọ̀bọ̀kún méjì lọ fún ọlọ́jà tó bú, ó bẹ̀ ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Rewáyà Etí Omi,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.