Àkànbí, ra ọrun tó bá apá rẹ mu

Òkè Báálẹ̀,
Òṣogbo.

Àkànbí ọmọ mi,

Mo rí àwòrán ọrun mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ lálẹ́ àná. Láàárọ̀ yìí mo gbé fóònù náà lọ sí ìsọ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ igi, mo ń fi ìka fẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀kọ mi fi tutù. Inú mi dùn gan-an. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kò sí ẹnì kankan nínú ilé wa tó tún di ọrun mú. Ìbọn ṣakabùlà ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbé, nígbà tó sì yá, wọ́n gbé ìyẹn náà jókòó. Pé ọmọ tèmi ló máa tún gbé ọrun onígi kọ́ èjìká, ní Michigan ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ńlá ni lójú mi.

O ní kí n bá ọ yan ọ̀kan. Mo máa yàn án, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí n kò sọ fún ọ rí, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Ọmọ ọdún 17 ni mí lọ́dún 1974. Bàbá mi ní ọrun kan tó ń fi kọ́ òkè àjà, ọmọdé kì í fọwọ́ kàn án. Ìbọn ló fi ń ṣọdẹ òru, àmọ́ bí ẹ̀tù bá wọ́n, tàbí tí kò bá fẹ́ kí igbó dún, ọrun yẹn ló ń gbé. Apá rẹ̀ le bí ọmọ odó. Lọ́jọ́ kan tó lọ sí Ìkìrun, mo gbé ọrun náà sọ̀ kalẹ̀, mo mú ọfà mẹ́rin, mo gba ọ̀nà Ìbòkun lọ sí oko wa. Ẹtu kan yọ lẹ́yìn ìtàkùn, kò ju ìṣísẹ̀ 15 lọ sí mi. Mo fà á. Ọsán, okùn ọrun náà, kò dé àgbọ̀n mi, agbede-méjì àyà ló mọ. Apá mi ti ń gbọ̀n. Ó yẹ kí n dá a padà, ṣùgbọ́n ojú ń kán mi, mo tú ọfà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ikùn ló bà. Ẹran náà kò ṣubú, ó sá wọ igbó. Ẹ̀jẹ̀ tí mo ń tọ̀ lórí ewé gbígbẹ kò pọ̀, ó dúdú, ó ń rùn, torí ìfun ni mo lù. Mo tọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí bàbá mi dé, mo jẹ́wọ́ fún un, èmi àti òun la sì jọ padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Eṣinṣin ló júwe ibẹ̀ fún wa. Bàbá mi kò nà mí, kò bú mi. Ó lóṣòó, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀ tí ẹtu náà ti fi pátákò họ yí ara rẹ̀ ká, ó ní kí èmi náà gbé tèmi lé e. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti họ jinlẹ̀ tó oríkèé ìka kan. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó pẹ́ kó tó kú.

Bí a ṣe délé, ó ní kí n na apá mi méjèèjì. Ó mú okùn, ó wọ̀n mí láti orí ìka àárín kan dé orí ìkejì, ó sì gbẹ́ ọrun kan fún mi láti ara àtòrì tó ti gbẹ. Ọrun náà rọ̀ ju tirẹ̀ lọ dáadáa. Òun ni mo fi pa ẹran àkọ́kọ́ tó ṣubú níbi tí mo ti lè rí i.

Nítorí náà, Àkànbí, ọrun tí wọ́n fi awọ wé ìdìmú rẹ̀, tó ní ìlẹ̀kẹ̀ lára yẹn, èyí tí o sọ pé ó wù ọ́ jù, má rà á. Mo rí ohun tí wọ́n kọ sí i: pọ́n-ùn 60, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí èèyàn fi ń fà á, kì í ṣe owó. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lò ń ṣe, o kò tíì fa ọrun lọ́dún kan rí. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọṣẹ́, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n apá ẹlòmíràn ló gbẹ́ ẹ fún. Pọ́n-ùn 40 sí 45 tó fún àgbọ̀nrín onírù funfun tí ẹ ní níbẹ̀, bí ẹnu ọfà bá ti mú. Tún rò ó wò: ìwọ tí wàá ti jókòó nínú òtútù fún wákàtí mẹ́ta láì mira, apá rẹ á ti le gbagidi kí ẹran tó yọ. Ọrun tó ń bá ọ jà nínú yàrá tó gbóná, kí ni yóò ṣe fún ọ níbẹ̀?

Jẹ́ kí ìyàwó rẹ fi téèpù wọ̀n ọ́ bí bàbá mi ṣe wọ̀n mí. Ohun tó bá rí, kí ó fi 2.5 pín in. Bí ó bá rí íǹṣì 70, 28 ni ibi tí o máa ń fa ọfà dé. Fi iye yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó gbẹ́ ọrun, torí pé pọ́n-ùn tí wọ́n ń kọ sára ọrun, níbi tí wọ́n fà á dé nígbà tí wọ́n ń wọn ọrun náà ló mọ. Bí apá rẹ bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ á dín. Bí ó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, o ń fa igi kọjá ibi tí wọ́n kọ́ ọ dé, ó sì lè kán mọ́ ọ lójú. Ìdí kan náà nìyẹn tí o kò fi gbọdọ̀ yá ọ̀rẹ́ rẹ tó ga yẹn ní ọrun rẹ láéláé.

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o ta ọfà 20. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ọfà kejìdínlógún ni kí o kíyè sí: ṣé ọwọ́ rẹ ṣì ń dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ṣé o lè dì í mú síbẹ̀ kí o mí lẹ́ẹ̀kan?

Ó wá ku ọrun méjì, èyí tí wọ́n fi igi ash gbẹ́ àti èyí tí wọ́n fi igi hickory gbẹ́, igi ilẹ̀ òtútù ni méjèèjì. Ibí yìí ni iṣẹ́ mi wà, torí náà fara balẹ̀ kà á.

Ọrun ní ẹ̀yìn, ó ní inú. Ẹ̀yìn ni ojú tó kọ sí ẹran nígbà tí o bá fà á, inú ni ojú tó kọ sí ọ. Bí o ti ń fà á, ẹ̀yìn ń nà, inú ń fún pọ̀. Ẹ̀yìn ló sábà máa ń já. Àwọn igi wa níhìn-ín kì í sábà fi ìlà ọdún hàn kedere, ìrókò lè wà lọ́wọ́ mi látàárọ̀ kí n má mọ ọdún tó lò. Ṣùgbọ́n igi ilẹ̀ òtútù máa ń sinmi nígbà yìnyín, ìlà kan fún ọdún kan, o lè kà á. Agbẹ́run tó mọṣẹ́ máa ń tọ ìlà kan ṣoṣo lẹ́yìn ọrun láti orí dé ìsàlẹ̀, kò ní fi ọ̀bẹ já a. Bí kókó igi bá wà lọ́nà, á yí i ká, á fi ẹran igi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ.

Fẹ àwòrán ash yẹn sí i níbi apá òkè, bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì sí ìdìmú. Wàá rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó jọ etí bèbè odò, tí wọ́n ṣẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé ìlà. Ọrun bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún mẹ́ta, ó lè má lo oṣù mẹ́ta. Ohun kejì ni kòkòrò tí o sọ fún mi nígbà kan, aláwọ̀ ewé tó wá láti Éṣíà, tí wọ́n rí nítòsí Detroit lọ́dún 2002, tó ti pa igi ash lọ bẹẹrẹ. Igi tó ti kú lórí ìdúró máa ń gbẹ di ẹlẹgẹ́. Èmi kì í fi igi bẹ́ẹ̀ gbẹ́ ọwọ́ àáké, ká má tíì sọ ọrun. Bí ẹni yẹn kò bá lè sọ ìgbà tí wọ́n gé igi náà fún ọ, fi í sílẹ̀.

Hickory ni mo yàn. Íǹṣì 66, pọ́n-ùn 45, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, igi lásán tí wọ́n fi òróró pa. Gígùn yẹn dára fún ọ. Ọrun kúkúrú rọrùn láti gbé gba inú igbó, àmọ́ igi rẹ̀ ló ń jìyà. Hickory le, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tètè já, ọ̀rinrin nìkan ni kò fẹ́. Bí omi bá wọ̀ ọ́, á rọ̀, ọfà á sì máa lọ bí ẹni tó ń sùn. Bi agbẹ́run náà pé ọdún mélòó ni igi náà fi gbẹ.

Kí o tó sanwó, yọ ọsán rẹ̀, gbé ọrun náà sójú bí ẹni ń wo bóyá pákó tọ́. Bí ó bá tẹ̀ sí inú díẹ̀, kò sí wàhálà, ọrun tí wọ́n ti fi ta ọfà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ gan-an láì sí ọsán lára rẹ̀, ó ti rẹ igi náà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ́ ọsán sí i. Ọsán gbọ́dọ̀ gba àárín ìdìmú kọjá. Jẹ́ kí ẹlòmíràn fà á, kí ìwọ dúró sí iwájú ẹ̀gbẹ́ wò ó: apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí oṣù tuntun, láì sí ibi kankan tó kán bí ìgbọ̀nwọ́. Fi èékánná rẹ họ inú rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti òkè wá. Bí èékánná bá kọ́ ohun tó dà bí irun tó dábùú igi, inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Fi òwú gbá ẹ̀yìn rẹ̀ náà, ibi tó bá ti fa òwú já ni fọ́nrán ti ń gbéra.

Ọfà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ná gbogbo owó sórí ọrun, wọ́n á wá ra ọfà ẹ̀dínwó. Lójú tèmi, ọfà burúkú ń ba ọrun rere jẹ́. Bí ọfà ṣe ń kúrò lára ọrun onígi, ó máa ń tẹ̀, á yí ìdìmú ká bí ejò kí ó tó tọ́. Bí ó bá le jù fún ọrun rẹ, ìwọ tí o ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà á, òsì ló máa ya sí. Bí ó bá rọ̀ jù, ọ̀tún. Nítorí náà kí wọ́n ta ọfà tó bá pọ́n-ùn 45 mu fún ọ, kí gbogbo wọn le bákan náà, kí wọ́n sì wúwo bákan náà. Gíráàmù 29 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dára. Ọfà tó fúyẹ́ jù dà bí kéèyàn fa ọrun tú láì sí ọfà lórí rẹ̀, agbára tí kò rí ẹrù gbé á padà wọ inú igi. Ìyẹ́ tòlótòló mẹ́ta ni kó wà ní ìdí rẹ̀, kí gbogbo wọn jẹ́ ti apá òsì tàbí kí gbogbo wọn jẹ́ ti apá ọ̀tún, má jẹ́ kí wọ́n pò wọ́n pọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ ta ọ̀kan, kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ létí. Bí o bá gbọ́ tó ń ta kẹ́kẹ́, ṣẹ́ ẹ sọnù. Ọfà tó fọ́ lórí ọsán lè wọ ọwọ́ tí o fi di ọrun mú.

Irin ẹnu ọfà rẹ gbọ́dọ̀ mú débi tó máa fá irun ọwọ́ rẹ. Ọfà kì í lu ẹran pa bí ọta ìbọn, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà, nítorí náà irin kíkú ìyà ni fún ẹran. Dúró kí ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn ọ́, ẹ̀yìn èjìká, níbi tí ẹ̀dọ̀fóró wà. Kí ó má ju ìṣísẹ̀ 20 lọ. Bí o bá ti ta á, jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí o tó tọ̀ ọ́, má ṣe bíi tèmi tó sáré lé e.

O mọ̀ pé ọdẹ ni Tìmẹ́hìn tó wà lára àwọn tó tẹ ìlú wa dó, síbẹ̀ a kì í pa ẹran nínú Igbó Ọ̀ṣun, ọ̀bọ ń rìn níbẹ̀ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2005 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé wọn, èèwọ̀ ti wà kí wọ́n tó dé. Ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kò gbọdọ̀ ta ọfà. Níbẹ̀ yẹn, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ni ìgbà ọlọ́fà ń bẹ̀rẹ̀ fún àgbọ̀nrín, ẹ̀kọ́ ààbò ọdẹ sì wà tí ẹni tí wọ́n bí láti 1960 gbọ́dọ̀ ṣe. Lọ ṣe é ní báyìí. Oṣù Kẹta la wà, ó kù tó oṣù mẹ́fà tí wàá fi máa ta ọfà lójoojúmọ́.

Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá, nítorí náà ní ọsán méjì nínú apó rẹ. Máa tú ọsán nígbàkigbà tí o bá délé. Má fi ọrun sínú ọkọ̀ lójú oòrùn, má fi gbé ògiri, fi í dùbúlẹ̀ lórí èèkàn méjì.

Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá aṣọ òtútù tó fi ránṣẹ́ bá ọ mu. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lọ́nà igbó. Ní kí agbẹ́run náà ya àwòrán ẹ̀yìn hickory yẹn fún ọ láti orí dé ìsàlẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó. N ó wà ní ìsọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Èmi ni bàbá rẹ.