Iná mànàmáná láti inú àlọ-àbọ̀: kí ni ń mi ẹ̀rọ náà?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí ń fa iná mànàmáná jáde láti inú nǹkan tí ń lọ síwá-sẹ́yìn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ọ̀fẹ́ ni irú iná bẹ́ẹ̀, èrò náà kò sì tọ̀nà.

Láti ọdún 1831 tí Michael Faraday ti fi hàn pé bí òòfà bá ń wọlé tó ń jáde nínú wáyà tí a ká, iná á máa ṣàn nínú wáyà náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe awo mọ́. Ẹ wo inú tọ́ọ̀ṣì tí a ń mì kó tó tàn: bí òòfà inú rẹ̀ bá ń wọ inú wáyà tí a ká, iná á ṣàn sí apá kan, bó bá ń jáde, iná á yí padà, bó bá sì dúró ní ìpẹ̀kun kó tó ṣẹ́rí, iná kò sí rárá, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi dáyódì, ẹ̀yà kékeré tí iná kì í gbà padà sẹ́yìn, darí rẹ̀ gba ọ̀nà kan ṣoṣo kí wọ́n tó fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n gbàrà tí iná bá ti ń ṣàn, wáyà náà fúnra rẹ̀ á di òòfà, á sì máa ta ko ìrìn èyí tí a ń mì. Apá ẹni tó ń mì í ni iná náà ti wá, kò tilẹ̀ ní rí gbogbo agbára rẹ̀ gbà padà, nítorí wáyà tó ń gbóná àti òòfà tó ń fi ara ha ike yóò jẹ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ tó ń mú iná wá: ẹsẹ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ni iná náà ti wá.

Ìgbì òkun ni ojú mi wà lára rẹ̀ ní tèmi, nítorí pé yálà a lò ó tàbí a kò lò ó, kò ní yé lọ, kò ní yé bọ̀. Ìgbì á wọ inú yàrá kọnkéré, á ti afẹ́fẹ́ jáde lókè; bó bá padà, á fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alan Wells ti Queen's University Belfast ló ronú kan tọ́báìnì, ẹ̀rọ abẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ yìí ń yí kí iná lè jáde, tí ojú méjèèjì abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ rí bákan náà, tó fi jẹ́ pé ibi yòówù tí afẹ́fẹ́ ìbáà gbà, apá kan ṣoṣo ló ń yí sí. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni mo ka èyí sí. Ní Mutriku, ní orílẹ̀-èdè Spéìn, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ kan tó ní 16 irú rẹ̀ ní ọdún 2011. Kìlówáàtì 296 péré sì ni gbogbo agbára tí wọ́n ṣe é fún, kò pọ̀, ṣùgbọ́n iná gidi ni.

Nítorí náà, bí ìròyìn ẹ̀rọ tuntun irú èyí bá tún dé ọ́fíìsì yín, mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ṣe é pé kí ni ń mi ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde mọ́ ìròyìn náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan