Kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára túùbù nìkan ló ń wọ ara

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Òǹkàwé yín kan kọ̀wé láìpẹ́ pé òde ara ni ìpara oníoògùn mọ, pé ẹni tí kò bá gbé oògùn mì kò lè ní ìṣòro kankan. Mi ò lè dákẹ́ sí ìyẹn, torí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn tó ń po ìpara ní ọjà Sábó, níbí ní Ìkòròdú, fi ń tajà. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì.

Lóòótọ́, awọ kì í gba gbogbo nǹkan wọlé. Ìpele tó wà lókè pátápátá, tó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, ló ń ṣọ́nà. Ó dà bí ògiri: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ni bíríkì, ọ̀rá tó wà láàárín wọn ni sìmẹ́ǹtì. Inú ọ̀rá yẹn ni oògùn máa ń gbà kọjá, ohun tí wọ́n fi po oògùn náà ló sì máa ń sọ bóyá yóò rí ọ̀nà. Fasilíìnì á bo awọ, kò ní jẹ́ kí omi ara gbẹ, awọ á rọ̀, oògùn á sì wọlé ju bó ṣe máa ń wọlé látinú ìpara olómi. Yúríà àti salicylic acid á máa ṣí èèpá òkè awọ kúrò. Propylene glycol, èròjà olómi kan tí wọ́n fi ń po ìpara, á yọ́ oògùn, á tún da ètò ọ̀rá yẹn rú.

Ẹ wo betamethasone dipropionate, oògùn awọ kan lára àwọn tí wọ́n ń pè ní sìtẹ́rọ́ìdì. Túùbù méjì lè wà lórí káńtà oníkẹ́míìsì, kí wọ́n kọ 0.05% sára méjèèjì. Ìpara lásán ni ọ̀kan. Èkejì, propylene glycol wà nínú ohun tí wọ́n fi pò ó, wọ́n sì ṣe é kí oògùn lè wọlé dáadáa. Àwọn dókítà awọ ka èkejì yìí mọ́ àwọn tó lágbára jù lọ, wọn ò ka ti àkọ́kọ́ mọ́ wọn. Oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà o!

Kí wá ni oníìpara ń ṣe? Á kó ìpara ara sínú báàfù, á fún túùbù clobetasol, sìtẹ́rọ́ìdì tó lágbára gan-an, mélòó kan sí i, á bu salicylic acid tàbí yúríà lé e, á da òróró tí kò lórúkọ sí i, á rò ó pọ̀. Bí ẹ bá béèrè, á ní òun ti là á, kò le mọ́. Bẹ́ẹ̀, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún oògùn tó ní òun là. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, pípò náà á pa oògùn. Betamethasone valerate, irú betamethasone mìíràn, tí wọ́n pò mọ́ nǹkan tó ń ta bí ọṣẹ á máa yí padà di èyí tí agbára rẹ̀ kéré gan-an. Oníbàárà á padà wá pé kò ṣiṣẹ́, oníìpara á ní ayédèrú ni oníkẹ́míìsì tà, á tún fún túùbù sí i.

Ibi tí a pa á sí náà ṣe pàtàkì. Ní 1967, Feldmann àti Maibach ní Amẹ́ríkà fi hydrocortisone, tí òun náà jẹ́ sìtẹ́rọ́ìdì, pa oríṣiríṣi ibi lára àwọn èèyàn, wọ́n sì wo iye tó bá ìtọ̀ jáde. Tí a bá fi ti apá ṣe òṣùwọ̀n, iwájú orí gba ìlọ́po 6, párì gba 13, àpò ẹpọ̀n gba 42. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń fi irú ìpara pípò bẹ́ẹ̀ pa làpálàpá abẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Ti ọmọ ọwọ́ tún le jù: tí a bá fi wé ìwọ̀n ara rẹ̀, awọ rẹ̀ pọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ, pámpáàsì tí a so mọ́ ọn á sì máa dé oògùn mọ́ awọ.

Clobetasol 0.05%, 2 gíráàmù péré lójúmọ́ ti tó láti mú kí ẹ̀yà kékeré tó wà lórí kíndìnrín dẹwọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìlànà ni pé kó má ju 50 gíráàmù lọ lọ́sẹ̀, kó má sì kọjá ọ̀sẹ̀ 2 léraléra. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń pa á láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọdún. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn lè gòkè, awọ wọn á fẹ́lẹ́, á là. Bí iṣẹ́ abẹ bá sì dé, rírán ojú ọgbẹ́ á di wàhálà.

Ẹ bá wa bi àwọn ìyálọ́jà Sábó léèrè, Olóòtú, ìdí tí ìpara tí wọ́n ń tà kò fi ní àkọlé ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó sì yẹ kí nọ́ọ̀sì tó ń gba aboyún wọlé ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, láti Igbógbó dé Ìjẹ̀dẹ́, máa béèrè ìpara tí wọ́n ń pa, bí wọ́n ṣe ń béèrè oògùn tí wọ́n ń lò. Ẹni tó bá ti ń pa irú ìpara bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kó má ṣàdédé dá a dúró, torí ara rẹ̀ lè dojú rú. Kó gbé ike ìpara náà lọ bá dókítà kó tó fi í sílẹ̀.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Igbógbó, Ìkòròdú.