Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Miami

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú àjò, o kú wàhálà ilé ìwé. Ṣé ara àwọn ọmọ le? Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi, pé wọ́n ní kí ẹ yan fíìmù àtijọ́ kan tí wọ́n fi owó kékeré ṣe, kí ẹ kọ nípa rẹ̀. Má wulẹ̀ wá a lọ síbi tó jìn. Blood Feast, fíìmù adẹ́rùbani kan, ni kí o yàn. Ìlú tí o wà yẹn gan-an ni wọ́n ti yà á, ní 1963.

Herschell Gordon Lewis ló darí rẹ̀, David F. Friedman ló gbé e jáde. Nǹkan bíi $24,500 ni wọ́n ná. Lewis fúnra rẹ̀ ló di kámẹ́rà mú, òun náà ló tún ṣe orin rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sì fi yà á kò pé mẹ́wàá. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n jókòó ro ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Hollywood kò ní gbà láé kí ojú èèyàn rí. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n mú. Nígbà yẹn, òfin tí Hollywood fi de ara wọn ṣì wà. Nínú fíìmù wọn, bí wọ́n bá yìnbọn fún èèyàn, á kàn di àyà mú ni, á ṣubú. Lewis wá lo kámẹ́rà aláwọ̀. Nígbà tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí àwọn onítíátà ń lò kò pupa tó, ó ní kí wọ́n po tuntun fún òun ní Coral Gables, nítòsí yín níbẹ̀. Ó pupa fòò! Ibì kan wà tí wọ́n ti fa ahọ́n obìnrin kan yọ. Ahọ́n àgùntàn ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní Peoria, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn, ní sinimá gbangba tí èèyàn ń jókòó sínú mọ́tò wò. Wọ́n tún ń pín àpò èébì fún àwọn òǹwòran. Owó tó wọlé ju èyí tí wọ́n ná lọ fíìfíì.

Mi ò ní pọ́n àwọn òṣèré rẹ̀: bí ọmọ tí olùkọ́ pè síwájú kíláàsì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ohun tó dùn mí kọjá ìyẹn. Fuad Ramses, alásè tó wá láti Íjíbítì, ló ń pa àwọn obìnrin láti fi se àsè fún Ishtar, tí wọ́n pè ní òrìṣà Íjíbítì. Àbẹ̀kẹ́, àwọn ará Bábílónì ló ni Ishtar! Wọn ò tilẹ̀ béèrè ìlú tó ni òrìṣà tí wọ́n ń bà lórúkọ jẹ́. Ìwọ náà rántí àwọn babaláwo inú fíìmù àgbéléwò tiwa, aṣọ pupa lọ́rùn, agbárí níwájú, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ funfun ni àwọn bàbá tí a mọ̀ ládùúgbò máa ń wọ̀ ṣọdún Ifá.

Hialeah kò jìnnà sí ọ. Ní 1987, Ernesto Pichardo àti àwọn ẹlẹ́sìn Lukumí, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà Yorùbá tó gba Cuba dé Amẹ́ríkà, fẹ́ ṣí ilé òrìṣà wọn síbẹ̀, wọ́n fi orúkọ Ọbalúayé pè é. Ìgbìmọ̀ ìlú ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹran rúbọ. Ìlú tí wọ́n ti ń jẹ adìyẹ lójoojúmọ́! Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì dá Pichardo àti àwọn ènìyàn rẹ̀ láre ní June 1993. Mi ò ní í di ẹ̀bi náà ru fíìmù kan ṣoṣo. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé irú fíìmù báyìí nìkan ló ti rí ẹlẹ́bọ, kí ni yóò rò bó bá gbọ́ pé aládùúgbò òun ń bọ òrìṣà?

Jọ̀ọ́, kọ méjèèjì pọ̀: ọgbọ́n tí wọ́n fi owó kékeré dá, àti irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ẹlẹ́sìn. Bí o bá ráyè, lọ sí Hialeah, kí o kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ibẹ̀ dáadáa kí o tó bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Fi èyí tí o bá kọ ránṣẹ́ sí mi kí o tó fi sílẹ̀ fún olùkọ́ yín. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fadékẹ́mi